Ṣé omi gbígbóná lè ràn màmá mi lọ́wọ́?
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Orúnkún ò jẹ́ kí màmá mi rìn jìnnà mọ́, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Torí pé ooru máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, tí ọkàn á sì yára lù bíi ti ẹni tó ń rìn kánkán, mo ń po omi gbígbóná sínú báàfù kí wọ́n máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lálaalẹ́. Lánàá, bí wọ́n ṣe dìde, òòyì kọ́ wọn, òógùn sì bo iwájú orí wọn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àárín wa, ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló dà pọ̀ mọ́ ooru? Ṣé kí n dá omi gbígbóná náà dúró? Ooru ò sì lè fún ẹsẹ̀ lágbára bí eré ìdárayá. Èwo ni wọ́n lè ṣe lórí ìjókòó?