Ẹ sọ ìrírí yín: ìjókòó pálọ̀ tí a fi ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì

Àǹtí Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnìkan bèèrè lánàá bí a ṣe ń rówó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí yunifásítì nígbà tí àwa fúnra wa kì í ṣe olówó. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, a ní ká ṣe é kó lárinrin. A gba kánópì mẹ́rin, a yan aṣọ ẹbí, a pe onífújì, a se ìrẹsì, a pa màlúù. Èèyàn ya wá bí omi. Wọ́n ná owó fún onífújì títí tí ọmọ tó ń ṣa owó fi wá àpò kejì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi àti akápò jókòó sórí ẹní, a ṣírò rẹ̀: ₦1,310,000 ló wọlé, ₦1,150,000 ti jáde. Èyí tó kù kò tó ohun tí ọmọ kan ṣoṣo máa san kó tó jókòó ní kíláàsì. Onífújì ló gba sìkọ́láṣípù lọ́dún yẹn.

Lọ́dún kejì, ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣé pálọ̀ mi kò gba ogún èèyàn ni. Mo ní á gba mẹ́rìnlélógún bí a bá gbé tẹlifísọ̀n jáde. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. ₦20,000 ni àga kan, kí o tó wá lo máa san án. Oúnjẹ kò ju ìkókorẹ́ àti ẹja àrọ̀ yíyan tí mo fúnra mi rà lọ́jà Olúwo ní ìdájí. Olùsọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga kan tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé, tí a ti ń gbọ́ orúkọ wọn ní rédíò láti kékeré. Mo lọ kúnlẹ̀ fún wọn nílé wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èló lẹ máa fún mi?" Mo ní, "Bàbá, ẹja ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

Bàbá kò gba máìkì. January 1955 ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ẹ̀pẹ́ wà nígbà yẹn, ọdún 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Bàbá ní ọdún méjì gbáko ni ọmọ Ẹ̀pẹ́ fi kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ kí ti àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Ẹ wá wo àtẹ́wọ́! Bàbá na apá ọ̀tún wọn gba orí kọjá, kí a lè rí bí tíṣà ṣe ń yẹ ọmọ wò: bí ìka kò bá kan etí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọ kò tíì tó wọlé. Ìka tiwọn kò kàn án. Ìyá wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ààrò ẹja dé, fi ọwọ́ tó ṣì ń rùn èéfín tẹ orí ọmọ rẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìka kan etí. Tíṣà wo ìyá náà, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ.

Ṣùgbọ́n girama kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà yẹn. Àwọn ẹlẹ́ja mọ́kànlá tí ìyá wọn ń bá dá àjọ ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ kó o ní gbogbo January, ọdún márùn-ún gbáko, nítorí owó ilé-ìwé.

Ibẹ̀ ni wọ́n dé tí iná lọ. Mo dìde pé kí n lọ tan jẹnẹrétọ̀, Bàbá ní, "Jókòó. Ariwo ẹ̀ á bò mí mọ́lẹ̀." A tan iná sọ́là kékeré méjì, a sì gbé igbá káàkiri nínú òkùnkùn yẹn. Kò sẹ́ni tó rí ohun tí ẹnì kejì jù síbẹ̀. Nígbà tí a kà á, yàtọ̀ sí owó àga, ₦870,000 ló wà nínú igbá. Nínú rẹ̀ ni ìdì ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́ta wà tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé, kò lórúkọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó máa ń fẹ́ kí èmsíì pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mẹta pé jọ sínú pálọ̀ yẹn o.

Èyí tó ṣì ń dùn mí nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ọmọ tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ jáde, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Mo ní kó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí WhatsApp. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ wá bá mi nísọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣé o, ẹ má bínú, ọmọ ní òun kò gbà á mọ́." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí fọ́tò náà, wọ́n ń pè é ní "Ẹ-dákun". Mo gbéra lọ bá a ní yàrá tó háyà. Ó ní inú kò bí òun sí mi, àmọ́ kò wojú mi, èékánná ló fi ń ha ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ títí mo fi dìde.

Látìgbà yẹn, a kì í mú ọmọ kankan jáde. Ilé-ìwé la ń san owó fún, a ń ka iye tó wà lórí rìsíìtì fún àwọn tó dáwó, orúkọ kò sí níbẹ̀. Ọmọ yẹn padà gbà á, àmọ́ ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kò ṣeé sọ.

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Igbá inú òkùnkùn yín dùn mọ́ wa, àwa náà dán an wò ní Ẹ̀bútẹ́. A kò tiẹ̀ dúró de àwọn oníná, àwa fúnra wa la pa iná. Igba náírà, igba náírà ló kún igbá! Ẹnìkan dá káàdì ìpè padà sínú ẹ̀. Ní Ìkòròdú tiwa, bí o kò bá pe orúkọ ọ̀gá, ọ̀gá kò mọ̀ pé òun wá. A ti padà sí pípe orúkọ. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yẹn, òótọ́ lẹ sọ, a kì í mú wọn jáde mọ́.

Ẹ kìlọ̀ fún olùsọ̀rọ̀ yín nípa aago o. Ọ̀jọ̀gbọ́n tiwa wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, ó gúnlẹ̀ ní Ìpakodò kí àwọn tó gba ojú títì Mile 12 tó dé rárá. Inú wa dùn. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó fẹ́ dáwó jù lọ ti sùn.

Tíṣà Àgbádárìgì

Tiwa, a kọ́kọ́ kó àlejò lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845, kí a tó padà sí pálọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé a gbàgbé láti gbé igbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé kálukú la lọ gbà á lọ́jọ́ kejì, ìdajì ní àwọn ti ná an.

Mo fẹ́ bèèrè: nígbà tí NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ti wà, kí la tún ń dáwó fún?

Àǹtí Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Tíṣà, ẹ̀yáwó ni, wọn á san án padà. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní April 2024 ní sísan máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá parí ìsìnrú ìlú. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún yunifásítì, ₦20,000 lóṣù sì ni owó ìgbọ́bùkátà. Méjì nínú àwọn ọmọ wa ń gbà á, mo sì ní kí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n yàrá háyà, kọ̀ǹpútà, bàtà onírin tí wọ́n fi ń wọ wọ́kṣọ́ọ̀bù, ẹ wá fi ₦20,000 ṣe é kí n rí i. Ohun tí pálọ̀ wa ń gbé báyìí nìyẹn.

Ọmọbìnrin yẹn ti wà lọ́dún kẹta. Nígbà ìjókòó tó kọjá, òun ló dúró tì mí ní kíṣìnì tó ń bu oúnjẹ. Bàbá adájọ́ ní kó tún bu ìkókorẹ́ sí i fún àwọn, wọn kò mọ ẹni tó jẹ́.

Olùsọ̀rọ̀ wa fún November kò tíì dáhùn. Bí ẹ bá mọ àgbà kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ìṣẹ́jú márùnlélógójì tó fún, tí kò sì kọ ẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Bàbá Ìbejì, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yín o.