Kulọ́ọ̀ṣì ti jẹ: kí la pààrọ̀, kí la dá padà sínú ọkọ̀?

Onímọ́tò kan, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Nissan Micra ni mo fi ń ṣe kábúkábú. Orí òkè Mápó ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé kulọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, ti ń yọ̀: bí èrò bá ti kún inú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké gidigidi, ọkọ̀ kò sì ní í yára sí i, òórùn ohun tó ń jó á wá gba gbogbo inú rẹ̀ kan. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra díísíkì nìkan, ìyẹn àwo tó máa ń jẹ nínú kulọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì dárúkọ ohunkóhun títí a ó fi sọ gíábọ́ọ̀sì, ilé tí gíà wà, kalẹ̀, tí a ó sì jọ fojú ara wa wò ó.

Nínú owó iṣẹ́ tí à ń san lórí kulọ́ọ̀ṣì, títú gíábọ́ọ̀sì àti dídá a padà ló ń kó èyí tó pọ̀ jù. Bí béárìn kékeré kan, irin róbótó tó ń jẹ́ kí nǹkan yí geere, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn oṣù díẹ̀, owó títú yẹn la ó tún san. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ara mi lórí ohun kọ̀ọ̀kan: ṣé mo lè pààrọ̀ èyí lọ́jọ́ mìíràn láìsọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀? Kébù kulọ́ọ̀ṣì Micra mi, wáyà tí pẹ́dàlì fi ń fa kulọ́ọ̀ṣì, wà níta, kò sì tíì já fọ́nrán kankan, nítorí náà mo fi í sílẹ̀. Béárìn tó ń tẹ pírẹ́ṣọ̀ (irin tó ń fún díísíkì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì) wà nínú lọ́hùn-ún, owó rẹ̀ kò sì pọ̀; a pààrọ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ké rárá.

Orí pírẹ́ṣọ̀ ni àríyànjiyàn wà. Mẹkáníìkì ní ó ṣì le dáadáa. Lóòótọ́ ló le, ṣùgbọ́n iná ti jó ojú rẹ̀ títí ó fi dúdú bí aró, àwọn ìka sípíríǹgì rẹ̀ ti jẹ wọnú níbi tí béárìn ti ń tẹ̀ wọ́n, wọn kò sì dọ́gba mọ́. Bí a bá gbé díísíkì tuntun lé irú ojú bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n nígbàkigbà tó bá fẹ́ gbéra, nítorí náà mo ra méjèèjì pọ̀. Fúláíwíìlì, irin ńlá tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, tí díísíkì ń fara tì, ni mi ò rà. Kò sán níbì kankan, ojú rẹ̀ kàn ń dán ni, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ léètì, wọ́n fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ òróró ló wá gba àkókò jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Díísíkì àtijọ́ náà rin fún òróró, a sì ní láti mọ ibi tó ti ń wá, torí pé síìlì kan, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí òróró jò, wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, òmíràn sì wà lẹ́nu gíábọ́ọ̀sì. Òróró gíà a máa rùn bí imí ọjọ́. Tiwa kò rùn, ó kàn dúdú ni, a sì mọ̀ pé ti ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Owó síìlì yìí kò tó nǹkan lára owó díísíkì. Ẹni tó bá wá fi díísíkì tuntun síbẹ̀ láìpààrọ̀ síìlì tó ń jò, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Awakọ̀ HiAce, Èkó

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú mi, àfi níbi tó ti dà bí ẹni pé tuntun ló sàn nígbà gbogbo. Ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, pírẹ́ṣọ̀ tuntun wà tó jẹ́ pé tòkunbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó sàn jù ú lọ fíìfíì, bí àwọn ìka rẹ̀ bá ṣì dọ́gba tí ojú rẹ̀ kò sì jó. Tòkunbọ̀ ni mo rà, ó sì ń gbé ẹrù títí di òní. Díísíkì ni n kò jẹ́ ra ní tòkunbọ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ti lo ibi tó nípọn nínú rẹ̀ tán.

Kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni tú gíábọ́ọ̀sì HiAce, ẹ kọ́kọ́ yẹ kulọ́ọ̀ṣì òkè àti ti ìsàlẹ̀ wò, ìyẹn pọ́ǹpù kékeré méjì tí wọ́n ń fi ọ́ìlì bíréèkì gbé agbára pẹ́dàlì dé ìdí kulọ́ọ̀ṣì. Ìgbà kan wà tí pẹ́dàlì mi rì wọlẹ̀ tí gíà kò sì fẹ́ wọlé. Àwọn kan ti ń wá jáákì. Kulọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ ló ń jò, ìta gíábọ́ọ̀sì ló sì wà. Ìyẹn nìkan la pààrọ̀, a fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, mo sì bá èrò lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ní Golf, Abẹ́òkúta

Ariwo ni tèmi. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kí n ra gbogbo rẹ̀ pátá: díísíkì, pírẹ́ṣọ̀ àti béárìn. Mo lọ bá ẹlòmíràn. Onítọ̀hún jókòó sí àyè awakọ̀, ó tan ọkọ̀, kò fi í sí gíà kankan, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. Ariwo ń bẹ. Ó tẹ kulọ́ọ̀ṣì, ariwo dákẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí béárìn kulọ́ọ̀ṣì bá ti bàjẹ́, ìgbà tí a bá tẹ pẹ́dàlì gan-an ló sábà máa ń ké, ṣùgbọ́n béárìn tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ a máa dákẹ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ọ̀pá tó gbé e kò yí mọ́. Ìyẹn la tú, òun náà la pààrọ̀. Nígbà tí a wo díísíkì, ó ṣì nípọn dáadáa lórí àwọn ìṣó rẹ̀, a sì dá a padà síbi tó wà.