Ẹ̀rọ ìpoṣẹ dúdú: ṣé owó àdájọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lè rà á?

Alọ́ṣẹ Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú òwò. Ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe. Ọwọ́ la fi ń pò ó, ẹ̀rọ ìpoṣẹ tí àwọn wẹ́dà ń kàn sì ti di ₦1,500,000. Crowdfunding ni mo ní lọ́kàn, kí èèyàn púpọ̀ dá díẹ̀díẹ̀. Orúkọ òwò nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní CAC, n kò tíì ní kọ́ńpìnnì. Ojú òpó wo ni kí n lò? Èló ni kí n kọ síbẹ̀? Ṣé mo sì lè ṣèlérí èlé 20% fún àwọn tó bá dáwó?

Akọ̀wé Ọjà:
Ẹ jẹ́ ká ti orí èlé bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè kó yín sí wàhálà. Ẹ má dán an wò. Bí ẹ bá ti kéde fáyé pé "ẹ mú ₦10,000 wá, kẹ́ ẹ gba ₦12,000", ìdókòwò nìyẹn, abẹ́ SEC, àjọ tó ń mójú tó ìdókòwò ní Nàìjíríà, ló bọ́ sí. Òfin tí SEC gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021 ní orí ojú òpó tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nìkan ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti lè wọlé. Kọ́ńpìnnì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó sì ti ṣiṣẹ́ tó ọdún méjì, ló lè gbà á, àfi tó bá ní alábàáṣe onímọ̀ iṣẹ́ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tàbí olùdókòwò gbòógì lẹ́yìn. Láàárín oṣù méjìlá, òwò tó kéré jù lọ kò gbọdọ̀ gbà ju ₦50 mílíọ̀nù lọ, èyí tó tẹ̀lé e ₦70 mílíọ̀nù, èyí tó tóbi jù nínú wọn ₦100 mílíọ̀nù. Orúkọ òwò lásán kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹ ìbáà pe èlé náà ní "owó ìmoore", èlé ni.

Ní ti ojú òpó, Nàìjíríà kò sí lára ilẹ̀ tí Kickstarter tàbí GoFundMe ti ń sanwó fún ẹni tó ń kówó jọ. Àwọn kan á ní kí mọ̀lẹ́bí ní London bá wọn ṣí i. Orúkọ ẹni yẹn àti àkáǹtì rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ o. Bí ọṣẹ ò bá dé, òun ni wọ́n á máa bi.

Ohun tó bá yín mu ni àsansílẹ̀: ẹ gba owó ọṣẹ nísinsìnyí, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ ránṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́. Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú ìwé ìsanwó tí kò béèrè wẹ́búsáìtì, ẹ kàn máa pín lìǹkì rẹ̀ ni.

Ìyá Oníṣirò:
Ẹ má kọ ₦1,500,000 síbẹ̀ rárá. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ká ní ₦10,000 ni ẹnì kan san, tí ọṣẹ rẹ̀, ike, páálí àti owó wébíìlì jẹ́ ₦4,000. Paystack á yọ 1.5% àti ₦100, ìyẹn ₦250. Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ jẹ́ ₦5,750. Bí èèyàn 150 bá dá ₦1,500,000 pé, ₦862,500 péré lẹ máa rí fi ra ẹ̀rọ.

Iye tí wẹ́dà sọ lónìí kọ́ ló máa sọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó kọ ọjọ́ tí iye náà máa dópin sí i. Ẹ fi 15% kún un, ó di ₦1,725,000. Ẹ fi ₦5,750 pín in: èèyàn 300. Nítorí náà ₦3,000,000 lẹ máa kọ. Tó bá bà yín lẹ́rù, ẹ dín iye ọṣẹ inú páálí kù, ẹ má dín àfojúsùn.

Owó wébíìlì Èkó kì í ṣe ti Kánò, ẹ ya iye wọn sọ́tọ̀. Ẹ má tíì gba ti òkè òkun mọ́ ọn. Ọṣẹ dúdú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tí ẹ ò bá fi nílọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ pa kó tó wọ páálí, á ti rọ̀, á ti yọ̀, páálí á ti rin kó tó kúrò ní gáréèjì. Ẹ sì rí i pé nọ́ńbà NAFDAC ti wà kẹ́ ẹ tó polówó fún gbogbo ayé.

Alọ́ṣẹ Òṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Tí kò bá wá pé ₦3,000,000 ńkọ́?

Ọmọ Ẹdẹ:
Kickstarter kì í fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni títí iye á fi pé. Ti Paystack yàtọ̀: ọjọ́ iṣẹ́ kejì lowó ti ń wọ àkáǹtì yín, ọwọ́ á sì máa yún yín. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún un. Ẹ kọ ọ́ gbangba sójú ìwé náà pé tí kò bá tó ₦3,000,000 lọ́jọ́ 30, ẹ óò fi ọṣẹ tí ẹ fọwọ́ pò ránṣẹ́ tàbí kẹ́ ẹ dá owó padà, kí oníkálùkù mú èyí tó wù ú. Ẹ rántí pé Paystack kì í dá ₦250 tó ti yọ padà. Bí ẹ bá dá tèèyàn 150 padà, ₦37,500 ti jáde lápò yín.

Kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ kọ orúkọ èèyàn 90 tó ti fẹnu ara wọn sọ pé àwọn máa san. Àlejò kì í fẹ́ẹ́ dáwó síbi tó ṣófo. Broadcast WhatsApp kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́, èèyàn 256 ni líìsì kan sì mọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ: "Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀rọ ìpoṣẹ la fẹ́ rà. ₦10,000, ọṣẹ yín á dé kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Lìǹkì rè é." Nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù ni kẹ́ ẹ ṣí i, nígbà tí owó oṣù ti ń wọlé. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ó máa dákẹ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa gbé fọ́tò ọṣẹ àti ti ibi tí wẹ́dà bá iṣẹ́ dé jáde.

Ọjọ́ tí wẹ́dà bá dá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lé e kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ìdajì kó fi ra irin àti mọ́tò, 30% tí mọ́tò bá ti ń yí. 20% tó kù, ó dìgbà tó bá fi ọṣẹ gidi dán an wò lójú yín. Omi lásán kì í fi hàn bóyá mọ́tò lágbára tó.