Ta ló lè là mí lọ́yẹ̀ lórí ìdílé Douglas ti Scotland?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn àwọn ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Scotland. Mo ń ya àtẹ ìran àwọn Douglas, àmọ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ ṣáá: William, James, Archibald. Orí mi ti fẹ́ dàrú.

Ọdún 1388 ló lọ́jú pọ̀ jù. James, Earl (oyè ọlọ́lá) kejì ti Douglas, kú sójú ogun ní Otterburn, kò sì fi ọmọ tó lè jogún rẹ̀ sáyé. Archibald the Grim ló wá jẹ oyè, bẹ́ẹ̀ ọmọ àlè ni. Bàbá rẹ̀ ni James Douglas tó gbé ọkàn Ọba Robert Bruce dání títí dé Sípéènì, tó sì bógun lọ níbẹ̀ ní 1330. Mo mọ̀ pé ìwé ogún 1342, tó to àwọn tó lè jogún ilẹ̀ Douglas tẹ̀lé ara wọn, dárúkọ Archibald. Àmọ́ George, ọmọ àlè Earl àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ogún ìyá rẹ̀ ní Angus nìkan ló rí gbà. Ṣé ìwé yẹn ló dí i lọ́nà ni, àbí nítorí pé ọmọdé ni?

Ìran George yìí ni Douglas Pupa, ìran Archibald sì ni Douglas Dúdú. Nígbà tí Ọba James Kejì fọ́ agbo Douglas Dúdú túútúú ní 1455, ẹ̀yìn ọba ni àwọn Pupa wà! Ilẹ̀ ni wọ́n ń lé, àbí ìjà ogún àtijọ́ ni? Èmi fura sí ilẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè ka ìwé 1342 yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.