Ọ̀tẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi pa Coligny: lórí ọ̀tẹ̀, rìkíṣí, ìmùlẹ̀ àti ìbadèpa

Ẹ̀yin ará mi,

Ẹ kú ìjíròrò láti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Kí n tó dá sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Arábìnrin wa kan ń kọ ìtàn ogun ẹ̀sìn ilẹ̀ Faransé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó wá béèrè ohun tí òun lè pe ìmọ̀ràn tí àwọn kan gbà láti pa Gaspard de Coligny, olórí àwọn Húgúnọ́ọ̀tì, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé, ní Paris lọ́dún 1572. Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ní "ọ̀tẹ̀" ni. Ẹnìkejì ní "rìkíṣí". Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé "ìpànìyàn" náà ni, ó tán.

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò fara mọ́ "ọ̀tẹ̀" rárá, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ. Bí a bá kọ "ọ̀tẹ̀" síbẹ̀, a ti dájọ́ fún ẹnìkan láìtíì gbọ́ tẹnu ẹnìkejì.

Ọ̀tẹ̀ ní ọ̀nà tó ń gbà. Ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè. Ìlú ló ń ṣọ̀tẹ̀ sí ọba, ẹrú ló ń ṣọ̀tẹ̀ sí olówó rẹ̀, sójà ló ń dìtẹ̀ gbàjọba. Mo mọ̀ pé níbi iṣẹ́ a máa ń sọ pé "wọ́n dìtẹ̀ mọ́ mi", kódà kó jẹ́ ọ̀gá ẹni ló ṣe é. Ìyẹn kò burú lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtàn, bí o bá ti pe ẹnìkan ní ọlọ̀tẹ̀, ohun tí ò ń sọ ni pé aláṣẹ kan wà lórí rẹ̀ tó kẹ̀yìn sí. Coligny kì í ṣe ọba. Ta ló wá lè ṣọ̀tẹ̀ sí i?

Bó bá jẹ́ ọ̀tẹ̀ là ń wá nínú ìtàn yìí, ọdún 1560 ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, ní Amboise lẹ́bàá odò Loire. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni François Kejì tó wà lórí oyè. Àwọn àbúrò ìyá ìyàwó rẹ̀, François tó jẹ́ Dúùkù ti Guise àti Charles tó jẹ́ Kádínà ti Lorraine, ló ń ṣe ìjọba gan-an, Kátólíìkì paraku sì ni àwọn méjèèjì. Àwọn ọlọ́lá Pùròtẹ́sítáǹtì kan, tí La Renaudie ṣáájú wọn, pinnu láti lọ gba ọba lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọba kọ́ ni àwọn ń bá jà, àwọn tó fi ọba sábẹ́ ni. Àṣírí tú kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n pa La Renaudie nínú igbó, wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọ́ sórí afárá, wọ́n sì so àwọn tó kù rọ̀ sára bákónì ààfin kí gbogbo ayé lè rí wọn.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Faransé fi ń pe èyí ni *conjuration*. Inú èdè Látìn ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni kí èèyàn méjì, mẹ́ta jọ búra. Àwa ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn tipẹ́: ìmùlẹ̀ ni. Bí mo bá jẹ́ arábìnrin wa, "ìmùlẹ̀ Amboise" ni mo máa kọ, màá wá jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ pinnu bóyá ọ̀tẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ọ̀tẹ̀.

Ẹnìkan nínú wa ti pe agbẹjọ́rò tó tú àṣírí yẹn, Pierre des Avenelles, ní ọ̀dàlẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá mulẹ̀ ló ń dalẹ̀. Onílé ni ọkùnrin yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni La Renaudie wọ̀ sí ní Paris, ó gbọ́ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ bà á, ó sì lọ sọ fún ìjọba. Olófòófó, bóyá. Ọ̀dàlẹ̀, rárá.

Irú ìmùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló wà nídìí orúkọ Húgúnọ́ọ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó tọpinpin rẹ̀ gbà ni pé ọ̀rọ̀ Jámánì tí àwọn ará Switzerland ń lò ni, *Eidgenosse*, ìyẹn ẹni tí a jọ búra. Ní Geneva, láàárín ọdún 1520 sí 1530, *eyguenot* ni wọ́n ń pe àwọn tó fẹ́ kí ìlú wọn bá àwọn ará Switzerland ṣe kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ Dúùkù ti Savoy. Besançon Hugues lorúkọ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, orúkọ rẹ̀ sì wọnú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan tún ní ìlú Tours ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé iwin Ọba Hugon máa ń rìn kiri lóru, torí pé òru náà ni àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ìlú yẹn ń yọ́ jọ́sìn. Ọ̀nà yòówù kó gbà wá, àwọn ọ̀tá wọn ló fi ń pè wọ́n kó tó di tiwọn. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ká pè wọ́n ní "Alájọmulẹ̀". Ọmọ tó bá ka ìyẹn máa rò pé ẹgbẹ́ awo ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi Húgúnọ́ọ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà, ká ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọ̀rọ̀ "Àgùdà" ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nínú ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti rì mí bọmi. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa tó ti Brazil àti Cuba padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ló ni orúkọ yẹn kí ìjọ wọn tó jẹ́ ẹ. Bí a bá pe Dúùkù ti Guise ní Àgùdà, a ti gbé Brazil wọnú ìtàn tí kò dé. Kátólíìkì ni kẹ́ ẹ kọ.

Ó yá, ká padà sórí ìpànìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. "Ìpànìyàn" ṣe gbayawu jù. Ẹni tó fi mọ́tò pa èèyàn lójú títì, ìpànìyàn ni. Ẹni tí inú bí tó la igi mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lórí, ìpànìyàn náà ni. Àwọn oníròyìn wa ti ní "ìṣekúpani", ó sì dára, ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnìkan dìídì ṣe é. Wọ́n tún ní "agbanipa", ẹni tí wọ́n fowó bẹ̀ pé kó lọ pààyàn. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn o, torí inú ìtàn kan náà ló ti lè kó wa sí wàhálà.

Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1563, lẹ́bàá Orléans, Poltrot de Méré, ọlọ́lá Húgúnọ́ọ̀tì kan, yìnbọn fún Dúùkù François ti Guise láti ẹ̀yìn bó ṣe ń gẹṣin padà sí ibùdó rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni Dúùkù kú. Nígbà tí wọ́n ń fìyà jẹ Poltrot, ó ní Coligny ló rán òun. Coligny ní irọ́ ni. Ó gbà pé òun fún un lówó, ó ní iṣẹ́ amí ni òun fi rán an. Ṣùgbọ́n kò fi pa mọ́ pé ikú Dúùkù dùn mọ́ òun. Àwọn ará ilé Guise kò gba àlàyé yẹn títí ayé. Tí a bá wá pe Poltrot ní agbanipa, ọ̀dọ̀ ta la dúró sí? Ọ̀dọ̀ ilé Guise ni. A ti sọ pé owó yẹn, owó ẹ̀jẹ̀ ni.

Ohun tó jẹ́ kí n máa wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nìyẹn, tó máa sọ kìkì ohun tí ojú rí. Ọdẹ ni bàbá mi. Bí ó bá ti rí i pé ọ̀yà kan ń gba ojú ọ̀nà kan náà lálaalẹ́, kì í sáré kiri mọ́. Á lọ jókòó síbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn rẹ̀ lọ, á pa iná orí rẹ̀, kò sì ní wúkọ́. Bó bá dé láàárọ̀, "mo ba dè é" ló máa sọ.

Ẹ wá wo Paris, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1572. Ọjọ́ kẹrin tí Henri ti Navarre, Húgúnọ́ọ̀tì, gbé Marguerite àbúrò Ọba Charles Kẹsàn-án níyàwó nìyẹn, àwọn àlejò ìgbéyàwó ṣì wà nílùú. Coligny ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ààfin Louvre, ó ń lọ sílé tó wọ̀ sí ní òpópónà Béthisy, ó ń ka ìwé kan lọ́wọ́. Ìbọn dún láti ojú fèrèsé. Ó já ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ọ̀tún, ó sì wọ̀ ọ́ ní apá òsì. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ já wọnú ilé náà, ìbọn ni wọ́n bá, èéfín ṣì ń rú lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó yìn ín ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ẹṣin ti wà ní sẹpẹ́ dè é. Maurevert ni wọ́n ní ó jẹ́. Ó mọ ọ̀nà tí Coligny ń gbà, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró.

*Ba dè, pa.* Ìbadèpa ni mo dá lábàá. Ẹni tó ṣe é ni abadèpani. Tẹ́ ẹ bá ní ó gùn, ìdìtẹ̀gbàjọba gùn jù ú lọ, gbogbo rédíò ló sì ń sọ ọ́ lónìí láìkọsẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn Maurevert ńkọ́? Ilé ẹnìkan tó jẹ́ ti agboolé Guise ni ìbọn yẹn ti dún. Àwọn òpìtàn kan tún nawọ́ sí Catherine de Médicis, ìyá ọba, wọn kò sì tíì fẹnu kò títí dòní. Rìkíṣí ló tọ́ síbẹ̀. Rìkíṣí kì í béèrè ẹni tó wà lókè tàbí ẹni tó wà nísàlẹ̀, ọba lè di rìkíṣí, àgbẹ̀ náà lè di í. Ohun tó ń béèrè ni pé kí àwọn kan ti fikùn lukùn níkọ̀kọ̀ lórí ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe. (Látìn tó bí *conspiration* àwọn ará Faransé, "kí a jọ mí" ló túmọ̀ sí. Ikùn tiwa sún mọ́ ọn gan-an.)

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ "ọ̀tẹ̀" nìyí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 24, wọ́n padà wá pa Coligny nínú yàrá tó ti ń gbàtọ́jú, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ gba ojú fèrèsé. Dúùkù Henri, ọmọ èyí tí Poltrot pa, dúró nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpakúpa wọ ìgboro, nǹkan bí 2,000 sí 3,000 èèyàn ló kú ní Paris nìkan. Lọ́jọ́ 26, Ọba Charles Kẹsàn-án lọ síwájú ilé ẹjọ́ gíga Paris, ó ní òun lòun pàṣẹ, torí pé Coligny àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ ti wọlé: ẹnu ẹni tó pa wọ́n. Tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá rí "ọ̀tẹ̀" nínú orí ìwé yẹn, orí àwọn òkú ló máa gbé e lé.

Ẹnìkan máa bi mí pé ṣé ìbadèpa lè dúró fún gbogbo rẹ̀. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Blois, ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1588, Ọba Henri Kẹta ránṣẹ́ pe Dúùkù Henri yìí kan náà sí ìyẹ̀wù rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Márùndínláàádọ́ta sì ti dúró dè é, wọ́n gún un pa. Ìbadèpa ni, rìkíṣí ni, ọba ló sì di í. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jacques Clément, ọmọ ìjọ àwọn Dòmíníkánì, gún ọba náà lọ́bẹ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1589, kò lúgọ síbì kankan. Ojúkojú ni, ó gbé lẹ́tà lé ọba lọ́wọ́, ọba ń kà á lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀bẹ wọlé. Ìṣekúpani nìyẹn.

Nítorí náà, ará mi obìnrin, bí màá ṣe kọ gbólóhùn yín nìyí: "Àwọn kan di rìkíṣí mọ́ Coligny, wọ́n ní kí Maurevert ba dè é, ìbọn náà kò pa á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n wá ṣekú pa á lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀." Ẹ wò ó bóyá ó dùn ún kà fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Kétu tó wà láàárín wa, kí ni àwọn ọdẹ ń pe "ba dè" lọ́dọ̀ yín? Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó kúrú jù ú lọ, ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.