Ṣé òṣì kì í ṣe ara ohun tí wọ́n fi ń yan èèyàn jẹ ni?

Àkànbí: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Tí wọ́n bá fi ẹ̀sìn du èèyàn níṣẹ́, ilé ẹjọ́ ń bẹ. Èmi, àdírẹ́sì mi ni ọ̀gá náà kà, ló bá pa fáìlì dé: “Àdúgbò yẹn kẹ̀?” Ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 ka ohun ìní àti ìbí mọ́ ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi yan èèyàn jẹ. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fò ó.

Agbẹjọ́rò: Òótọ́ ni. Òfin Ìdọ́gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2010 to nǹkan mẹ́sàn-án tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi yan èèyàn jẹ, òṣì ò sí níbẹ̀. Scotland (2018) àti Wales (2021) ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa ro ti mẹ̀kúnnù, àmọ́ ẹnì kan ò lè torí ẹ̀ pẹjọ́ gba owó gbà-máà-bínú.

Àkànbí: Kí wọ́n ṣáà máa rò ó! Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà.