Kí ni ká kọ́kọ́ fowó ṣe ní ibùdó ìlera abúlé wa?

Ọmọ Abúlé (ẹni tó béèrè)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwa ọmọ abúlé kan tá à ń gbé ìgboro ti ń dáwó jọ ká lè fi tún ètò ìlera ilé ṣe. Ibùdó ìlera wà níbẹ̀ o, ilé náà dára, òrùlé ò jò. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé nọ́ọ̀sì á wà níbẹ̀ lọ́la. Bó bá sì wà, oògùn lè má sí. Àwọn èèyàn wá ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kiri oògùn, àwọn míì á jókòó sílé títí àìsàn á fi wọra. Ìjà ti fẹ́ dé nínú ẹgbẹ́: àwọn kan ní ká ra ọkọ̀ tá a ó máa fi gbé aláìsàn, àwọn kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Agbẹ̀bí
Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló máa lò ó? Oko ni mo ti ṣiṣẹ́ jù láyé mi, ohun tó sì ń lé wa kúrò níbẹ̀, owó oṣù nìkan kọ́. Ibi téèyàn máa sùn ni. Omi ni. Ilé ìwé àwọn ọmọ ni. Obìnrin tó dá gbé, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́ tó dáa, tí wọ́n sì ń kanlẹ̀kùn mọ́ ọn lórí lóru, kò ní pẹ́ tó fi máa wá bó ṣe máa ṣí kúrò. Ilé yàrá méjì fún nọ́ọ̀sì, omi àti iná, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà, oògùn ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ lè pa á láàárín wákàtí 2. Abẹ́rẹ́ oxytocin la fi ń dá a dúró, àmọ́ inú fíríìjì, ní ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius, ló yẹ kó máa wà. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú ooru, agbára ẹ̀ á ti dín kù, ẹni tó ń gún un ò sì ní mọ̀. Níbi tí kò bá ti sí fíríìjì, misoprostol oníhóró wà, kò nílò òtútù, kẹ́ ẹ má ṣáà jẹ́ kí omi kàn án. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò nìkan ni kí méjèèjì wà o.

Ìyàwó Àgbẹ̀
Ẹ má bínú ma, ọkọ̀ ni èmi fara mọ́. Aboyún tó nílò iṣẹ́ abẹ lóru, kí ni ilé yàrá méjì máa ṣe fún un?

Agbẹ̀bí
Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ní 1994, àwọn olùṣèwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé lórí ìdádúró 3 tó ń pa aboyún: ti ilé kí wọ́n tó pinnu, ti ojú ọ̀nà, àti ti ilé ìwòsàn fúnra ẹ̀. Ti ojú ọ̀nà nìkan ni ọkọ̀ yín máa yanjú. Bí wọ́n bá yára gbé e débẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa gbà á ńkọ́?

Awakọ̀ Àtijọ́
Ọkọ̀ ẹgbẹ́! A rà á rí. Kò pẹ́ tó fi di ọkọ̀ òde ìnáwó, nígbà tí táyà sì jẹ, kálukú wojú ara wọn. Ẹ bá àwọn tó ti ní ọkọ̀ àti alùpùpù lábúlé ṣàdéhùn, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sára ògiri, kẹ́ ẹ fi owó epo sọ́wọ́ ẹnì kan tó máa ń sùn nílé. Kí wọ́n sì pe ilé ìwòsàn kí wọ́n tó gbéra.

Oníṣẹ́ Fíríìjì
Lórí ọ̀rọ̀ òtútù: ẹ má gbé fíríìjì ilé lásán lọ. Ó máa ń tutù jù nígbà míì, abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì tàbí ti hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) tó bá sì ti dì, ó bà jẹ́ nìyẹn, bó yọ́ padà kò wúlò mọ́. Fíríìjì àjẹsára tí sólà ń gbé ṣiṣẹ́ láìlo bátìrì wà, bátìrì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì àjẹsára, wọ́n lè ní ọ̀kan nílẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé
Ẹ̀yin ọmọ mi, oògùn tó ń tán yẹn ló le jù lójú tèmi. Ní 1987, ní Bàmákò lórílẹ̀-èdè Mali, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò pé kí ará abúlé máa ra oògùn ní iye tó mọ, kí owó yẹn padà lọ ra òmíràn, kí ìgbìmọ̀ wọn sì máa bójú tó o. Ó ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀, ó sì dojú dé níbi púpọ̀. Mo ti wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwìn ló ń pa á. Ìbátan alága gbàwìn, ti akápò náà gbà, nígbà tó fi máa di ìgbà òjò tí ibà pọ̀, àpótí ti ṣófo. Ẹni tí kò lówó rárá ò sì ní wá, á kú sílé. Torí náà, ẹ ya owó àwọn aláìní sọ́tọ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó oògùn. Kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí ìwé, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ọmọ. Kí wọ́n máa ka ohun tó wọlé àtohun tó jáde sétí gbogbo èèyàn lóṣooṣù. Bó bá ku oògùn oṣù kan ni kí nọ́ọ̀sì ti béèrè òmíràn, kó má dúró dìgbà tó bá tán.

Ìyá Arinlé
Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àwa tá à ń rin ilé dé ilé. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) àti oògùn síǹkì ọjọ́ 10 sí 14 la máa ń fún un. Ọmọ tó ń wúkọ́, a máa ń ka èémí ẹ̀: ọmọ oṣù 2 sí 11, tó bá ti pé 50 ní ìṣẹ́jú kan, ọmọ ọdún 1 tí kò tíì pé 5, tó bá ti pé 40, ó ti yára jù nìyẹn. Ní Ethiopia, ní 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọbìnrin abúlé níṣẹ́ yìí fún ọdún kan, ìjọba sì ń san owó oṣù wọn. Ẹ má wá ní ká fi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ o. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti sọ ọ́ ní 2018 pé ó yẹ kí wọ́n máa sanwó fún wa.

Ọmọ Abúlé
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù: òṣìṣẹ́ ìjọba ni nọ́ọ̀sì wa. Ṣé ká máa fowó kún owó oṣù ẹ̀ kó lè máa wá?

Agbẹ̀bí
Rárá o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, lójú ẹ̀, owó oṣù lẹ gé. Ilé, omi, owó ọkọ̀ tó bá fẹ́ lọ gba oògùn, ó tó. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti bi í léèrè ohun tí kì í jẹ́ kó wá? Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n pín sí ibùdó méjì.

Ọmọ Abúlé
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ni, ma. Ibùdó mẹ́ta ni.

Bàbá Akọ̀wé
Á jẹ́ pé ọ́fíìsì ìlera lẹ máa kọ̀wé sí. Ẹ ní kí wọ́n wá ẹnì kejì fún un. Kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n yan ọjọ́ pàtó fún yín lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, kẹ́ni tó ń ti oko bọ̀ lè mọ ọjọ́ tó máa wá.